Téèpù àti Káàdì: Ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Adido

Téèpù HDV, ìlànà tó jáde lọ́dún 2003, ni mo fi gba ìtàn àwọn àgbà Adido, nílẹ̀ Ṣábẹ, sílẹ̀. HDV ń fún ohùn pọ̀, ó sì ń so àwòrán 12 mọ́ra; bí téèpù bá bàjẹ́ díẹ̀, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lè lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá kan ti já: ṣé igbá ló pè ni, àbí ìgbà?

XDCAM EX dé lọ́dún 2007 pẹ̀lú káàdì àti ohùn PCM tí a kò fún pọ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń pa káàdì rẹ́ láti tún un lò. Téèpù mi ṣì wà. Lójú tèmi, ohùn ló yẹ ká fi yan kámẹ́rà, ká sì ṣe ẹ̀dà káàdì kílẹ̀ tó ṣú.