Abẹ́rẹ́ Àlòkù Kọ́, Àlòsọnù Ni

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, ìjọba Amẹ́ríkà gbé òfin kan jáde láti dáàbò bo àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè kàn lẹ́nu iṣẹ́: nọ́ọ̀sì, agbálẹ̀ ọsìbítù, alágbàfọ̀. Òfin náà ní ọ̀rọ̀ tó bá òye àti èdè òṣìṣẹ́ mu ni kí wọ́n fi dá a lẹ́kọ̀ọ́. Bí òṣìṣẹ́ ọ̀hún bá wá jẹ́ Yorùbá ńkọ́?

Orúkọ àwọn àrùn tí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè kó ràn án ni wàhálà àkọ́kọ́. Bí a bá ní "àrùn inú ẹ̀jẹ̀", ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí fòníkú-fọ̀la-dìde ni yóò wá sí ọkàn ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ méjèèjì kì í ràn. "Àkóràn ẹ̀jẹ̀-sí-ẹ̀jẹ̀" sàn díẹ̀, àmọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ta sí lójú lè ní òun ò kúkú fara gbọgbẹ́. Èmi fara mọ́ "àkóràn agẹ̀jẹ̀". Ẹni tó gun ẹṣin ni agẹṣin. Àrùn tó gun ẹ̀jẹ̀ ni agẹ̀jẹ̀. Kòkòrò HIV ń gùn ún, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B àti C náà ń gùn ún. Ibi tí ẹṣin bá ti ráyè wọlé, ìbáà ṣe ojú, ẹnu tàbí egbò, ibẹ̀ náà ni ẹlẹ́ṣin ń gbà.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi gún aláìsàn wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yóò sáré pè é ní "àlòkù". Ẹ rọra o. Ọkọ̀ àlòkù, fìríìjì àlòkù, owó la fi ń rà wọ́n, torí ìlò ṣì kù lára wọn. Kí ló kù lára abẹ́rẹ́ yìí bí kò ṣe ewu? "Àlòsọnù" ló tọ́ sí i. Bákan náà, bí a bá kọ "àpótí abẹ́rẹ́" sára àpótí tí wọ́n ń jù ú sí, ẹnìkan lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ pé òun fẹ́ mú tuntun. "Àpótí àlòsọnù" kò ní jẹ́ kó dán an wò.

Gbólóhùn kan tún wà tí kò nira láti túmọ̀, àmọ́ tó ta ko ẹ̀kọ́ ilé: má ṣe dé abẹ́rẹ́ padà. Àwọn ìyá wa ló kọ́ wa pé ohun tí a bá ṣí, ká dé e. Níbi ìdérí yẹn gan-an sì ni abẹ́rẹ́ ti ń gún ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká wí i báyìí: ìhòòhò ni àlòsọnù ń wọ àpótí.

Bó bá wá gún èèyàn, kó fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, kó sọ fún ọ̀gá, kó lọ gba oògùn. Ká pe oògùn náà ní "oògùn ẹ̀yìn ìfarakàn" kò dára tó, torí ọ̀la náà wà lára ẹ̀yìn. Oògùn tó ń dènà HIV kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. "Oògùn àsárélò" ni tèmi. Orúkọ tó bá gùn débi pé ẹni tí abẹ́rẹ́ gún kò lè máa sáré kó sì máa pè é, ẹ bá mi jù ú sínú àpótí àlòsọnù.