Àwọn Àsíá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun 54 ti Massachusetts

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kàrún-ún, ọdún 1863, nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, ní ibùdó Readville lẹ́bàá Boston, Gómìnà John A. Andrew fa àsíá mẹ́rin lé ẹgbẹ́ ọmọ ogun 54 ti Massachusetts lọ́wọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó fi tinútinú wọṣẹ́ ogun ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì wọn, Robert Gould Shaw. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin dúdú ìlú Boston ló fi àsíá orílẹ̀-èdè ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹgbẹ́ obìnrin dúdú mìíràn ló fún wọn ní ti ìpínlẹ̀. Èyí wú mi lórí púpọ̀. Àwọn arábìnrin wọn wà lára àwọn tó rán wọn lọ sógun.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Keje, wọ́n kọlu Odi Wagner, odi àwọn ọmọ ogun Gúúsù, létí òkun Charleston. Nínú nǹkan bí 600 ọkùnrin, nǹkan bí 270 ló kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Shaw kú sórí odi. Ìbọn ba ẹni tó gbé àsíá orílẹ̀-èdè, ni Sájẹ́ǹtì William Carney, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Norfolk, Virginia, bá já a gbà. Ó gbé e dé orí odi. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n padà, ọta ti bà á níbi púpọ̀, síbẹ̀ ó gbé e bọ̀, ó sì sọ fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àsíá náà kò kan ilẹ̀ rí. Ti ìpínlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ó já kúrò lára ọ̀pá rẹ̀, ọ̀tá gbé aṣọ lọ, ọ̀pá nìkan ni wọ́n mú dé.

Owó oṣù àwọn ọkùnrin yìí ń kọ́? Dọ́là 13 ni sójà funfun ń gbà. 10 ni ìjọba fẹ́ fún wọn, kí wọ́n tún yọ 3 nínú rẹ̀ fún aṣọ. Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n sì fi nǹkan bí oṣù 18 jagun láìgba kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn tí ogun parí, ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, 1865, àwọn ọmọ ogun Massachusetts tò kọjá ní ìgboro Boston, wọ́n sì dá àsíá wọn padà fún Andrew ní Ilé Ìjọba. Nínú ilé yẹn kan náà ni Carney ṣe ìránṣẹ́ nígbà tó dàgbà, lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní Àmì Ẹ̀yẹ Ọlá ní 1900, nǹkan bí ọdún 37 lẹ́yìn Wagner! Ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ agbéniròkè ti ṣe é léṣe, tó fi kú ní 1908.

Aṣọ sẹ́dà ni àwọn àsíá ìgbà náà. Ìmọ́lẹ̀ a máa jẹ sẹ́dà, ìwúwo ara rẹ̀ a máa fà á ya bí wọ́n bá gbé e kọ́, ọ̀dà tí wọ́n fi ya àwòrán sí i a máa gbẹ, a sì máa ṣẹ́. Nítorí náà, láàárín àwọn ọdún 1980, wọ́n kó àwọn ojúlówó kúrò ní Gbọ̀ngàn Àsíá tó wà nínú Ilé Ìjọba náà, wọ́n sì fi àwòrán wọn rọ́pò. Ó lè dun àlejò pé àwòrán ló bá lára ògiri. Lójú tèmi, wọ́n ṣe ohun tó tọ́, nítorí pé àsíá tí Carney fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lé lórí kò yẹ kó já sí èérún lójú aráyé. Títẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ irú sẹ́dà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gbalaja nínú òkùnkùn, láìká a, níbi tí òtútù àti ọ̀rinrin kì í ti yí padà.