Ìtàn Ilé-iṣẹ́ Asọ̀rọ̀mágbèsì W.S.M. ní Ìlú Nashville

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlagbà ní ilẹ̀ wa ni ó mọ ohùn Jim Reeves, pàápàá jùlọ ní àkókò Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ orísun irú orin bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Orin àwọn ará oko ni, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní kọ́ńtìrì. Bí a bá sì ń wá ilé tí ó tọ́ ọ dàgbà, a kò lè ṣàì dárúkọ ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì W.S.M., tí ó wà ní ìlú Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní kíkà, nítorí pé nínú rẹ̀ ni a ti rí bí ohun tí àwọn ọlọ́lá ìlú kan kẹ́gàn ṣe di ògo ìlú náà, àti bí a ti ṣe ta ẹnìkan nù nínú àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ògo náà lélẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù October, ọdún 1925, ni a ṣí ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ kì í ṣe olórin. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni wọ́n ní, National Life and Accident ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta náà dúró fún ọ̀rọ̀ ìpolówó wọn, pé àwọn ń dáàbò bo àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn. Àwọn aṣojú wọn a máa lọ láti ilé dé ilé láti gba owó kékeré-kékeré. Bí wọ́n bá sì ti dárúkọ orin tí a gbọ́ ní alẹ́ Sátidé, onílé a ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

Ní oṣù November ọdún náà ni wọ́n gba George D. Hay, ẹni tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Chicago. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, Hay mú arúgbó kan, Jimmy Thompson, ẹni ọdún 77, jókòó níwájú ẹ̀rọ, arúgbó náà sì ta gòjé òyìnbó fún nǹkan bí wákàtí kan. Kò pẹ́ tí ìwé àwọn olùgbọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n inú gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó dùn. Nítorí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Nashville, a ń pe ìlú náà ní Áténì ti Gúúsù. Ojú sì ń ti àwọn gbajúmọ̀ rẹ̀ pé orin àwọn àgbẹ̀ ni ayé yóò fi mọ̀ wọ́n. Síbẹ̀ àwọn onílé-iṣẹ́ kò dá eré náà dúró, nítorí pé àwọn tí ń gbọ́ ọ ni àwọn tí ń san owó adójútòfò.

Ní ọdún 1927, lẹ́yìn tí a ti fi orin àwọn ọlọ́lá, tí a ń pè ní Grand Opera, ránṣẹ́ láti ibòmíràn, Hay fi ẹ̀fẹ̀ sọ eré tirẹ̀ ní Grand Ole Opry, bí ẹnu ará oko ti ń pè é. Ẹni tí ó ṣeré ní àkókò náà gan-an ni DeFord Bailey, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ẹni tí í máa fi hàmóníkà fín ìró ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré. Ní ọdún 1928, kò sí ẹni tí a gbọ́ lórí eré náà tó o.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlejò ni ènìyàn dúdú nínú orin yìí. Báńjò, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò pàtàkì rẹ̀, ọwọ́ àwọn ẹrú tí a kó láti ilẹ̀ Áfríkà ni ó ti wá. Síbẹ̀, nígbà tí Bailey bá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré káàkiri, ọ̀pọ̀ ilé ìsùn àti ilé oúnjẹ tí ó gba àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á. Ní ọdún 1941, ìjà dé láàrin àwọn onírédíò àti ẹgbẹ́ tí ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn akọrin. A kò sì jẹ́ kí Bailey lo àwọn orin tí a ti fi mọ̀ ọ́n. Ní ọdún náà ni a lé e kúrò. Hay kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1945 pé ọ̀lẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pè ní ọ̀lẹ yìí fi iṣẹ́ bàtà dídán bọ́ ìdílé rẹ̀ ní ìlú kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní ọdún 1982. Ọdún 2005 ni a tó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹni ọlá orin náà.

Ilé-iṣẹ́ náà ń pọ̀ sí i ní agbára. Wáàtì 1,000 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1932 ó di 50,000, a sì gbé òpó irin kan nà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 878. Lóru, ohùn rẹ̀ a máa dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1943 títí di 1974, inú ilé Ryman ni a ti ń ṣe eré náà. Thomas Ryman, ọlọ́kọ̀ ojú omi, ni ó yí padà nípa ìwàásù Sam Jones ní ọdún 1885, tí ó sì mú kí a kọ́ ilé náà fún ìwàásù. A ṣí i ní ọdún 1892. Orí àga ìjọ ni àwọn olùgbọ́ orin ń jókòó sí. Níbẹ̀ ni Jim Reeves ti kọrin, lẹ́yìn tí ó di ọ̀kan nínú wọn ní ọdún 1955.

Ní ọdún 1974 a kó lọ sí ilé titun. Ìkún omi ọdún 2010 sì ba ilé náà jẹ́, ṣùgbọ́n eré kò dúró. Ní oṣù November ọdún 2025, ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níhìn-ín fún wa. Èkínní ni pé kí a má ṣe fi ẹ̀kọ́ ìwé gan ohun tí àwọn baba wa fi ń dá ara wọn lára yá. Èkejì ni pé, nígbà tí ohun náà bá di iyebíye, kí a ka orúkọ gbogbo àwọn tí ó ṣe é, kí a má sì fo ẹnikẹ́ni. Ilé Nashville tètè kọ́ èkínní; ó pẹ́ kí ó tó kọ́ èkejì.