Ta Ni Kò Sí Láàárín Wa? Ìtàn Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́jáde Láàárín Àwọn Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Iṣẹ́ á gbé ẹnìkan lọ sókè Ọya, ìgbéyàwó á mú òmíràn lọ sí ìlú ọkọ, ikú á sì mú ẹlòmíràn kí ewú tó yọ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ní Ọ̀tà àti Sángo níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa, kò sí ìparí ọdún kan tí a kì í rí bánà ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, láti Toll Gate títí dé ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Sẹ́ẹ̀tì kan ń ṣe ọdún kẹwàá, òmíràn ń ṣe ogún ọdún. Wọ́n á ra ankara kan náà, wọ́n á pe olùkọ́ wọn àtijọ́, ẹni kọ̀ọ̀kan á sì dìde láti sọ ibi tí Ọlọ́run bá a dé.

Àwa tí a jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ náà ń ṣe é. Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wo ibi tí àṣà yìí ti wá, kí a sì béèrè ohun tí ó wà fún. Èrò wa ni pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ òjíṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí ń ròyìn àdánù fún ara wọn bí wọ́n ṣe ń ròyìn èrè, àti pé ìròyìn méjèèjì yìí ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ìpàdé tí kò bá lè béèrè ẹni tí kò sí níbẹ̀ ti di àríyá lásán.

Láti Freetown dé Ọ̀tà

Kí ilé ìwé tó dé, àwọn baba wa ti mọ ẹgbẹ́. Ní Ìjẹ̀bú, àwọn tí wọ́n jẹ́ ojúgbà máa ń wà nínú régbérégbé kan náà, títí dòní ni wọ́n sì ń tò lọ kí Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ẹgbẹ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹgbẹ́ ẹni ni ó ń báni ṣe ìnáwó, òun náà ni ó ń báni sin òkú òbí. Nítorí náà, nígbà tí ilé ìwé dé, ọ̀rọ̀ kíláàsì kò ṣàjèjì sí àwọn èèyàn wa.

Ní 1827 ni àwọn ìjíhìnrere CMS dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, ó sì padà di olùkọ́ níbẹ̀. Ọkọ ọmọ rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ni ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 1859. James Johnson, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Holy Johnson, jáde ní Fourah Bay, ó sì dé Èkó ní 1874. Isaac Oluwole náà jáde níbẹ̀. Ó di ọ̀gá Grammar School ní 1879, wọ́n sì yà á sí ipò bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Láti ọ̀dọ̀ Crowther dé ọ̀dọ̀ Oluwole, okùn kan ṣoṣo ni. Ẹni tí ó ti jáde ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀tà wa náà ní ìpín nínú ìtàn yìí. James White, ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà ní Sierra Leone, ni CMS rán wá sí Ọ̀tà ní 1854, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ayé rẹ̀ níbẹ̀. Àṣà CMS ni pé kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí London: ibi tí ó ti wàásù, ẹni tí ó gbọ́, ẹni tí ó kọ̀, àìsàn, ogun, ọ̀fọ̀. Iṣẹ́ tí ó lọ́ra ni iṣẹ́ Ọ̀tà nígbà náà. Kò sí ogunlọ́gọ̀ tí White lè fi yangàn, síbẹ̀ ó ń kọ̀wé. Àkọsílẹ̀ CMS wà ní Yunifásítì Birmingham títí di òní. J. D. Y. Peel lò wọ́n púpọ̀, ti White náà sì wà lára wọn, nígbà tí ó ń kọ ìwé rẹ̀ lórí bí ẹ̀sìn ṣe bá Yorùbá pàdé, èyí tí ó jáde ní 2000. Bí ó bá jẹ́ pé ìròyìn ayọ̀ nìkan ni White gbà pé ó yẹ ní kíkọ, ìwọ̀nba ni à bá mọ̀ nípa bí ìhìnrere ṣe wọ ìlú tí a ń gbé yìí.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ṣí kiri

Ìtàn ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti Abẹ́òkúta tún fi èyí hàn. CMS bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1853. Ibẹ̀ ni Samuel Johnson ti kàwé láti 1863 sí 1865. Ní 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀: wọ́n wó ilé ìjọsìn, wọ́n kó ẹrù àwọn ìjíhìnrere, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èkó, wọ́n sì fún wọn nílẹ̀ ní Ẹ̀bùtẹ́-Mẹ́ta. Ilé ẹ̀kọ́ náà di ará Èkó. Ní 1896, ó tún gbéra, ó lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní St Andrew's College.

Ta ni pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ nígbà náà? Samuel Johnson ni. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti kàwé ní ọmọdé ní Abẹ́òkúta, tí ogun ìgbàgbọ́ lé kúrò nílé, ni ó wá bá a ní ìlú tí ó ti ń ṣe àlùfáà lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1897, ó parí ìwé ńlá tí ó ń kọ lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Ó ní òun ń kọ ọ́ kí ìtàn àwọn baba wa má bàa di ìgbàgbé. Àwọn tí ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ní ìlú òyìnbó sọ ọ́ nù. Johnson kú ní 1901 láì rí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, tí ó tún un kọ. Ọkọ̀ òkun tí ó ń gbé e lọ tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní 1921 ni ìwé náà tó jáde.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí èyí díẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà pàdánù ilé, ìwé náà pàdánù ẹni tí ó kọ ọ́, síbẹ̀ kò sí èyí tí ó parun nínú méjèèjì, nítorí pé ẹnìkan kà á sí ojúṣe òun láti kó ohun tí ó kù jọ. D. O. Fagunwa wá kàwé ní St Andrew's láti 1926 sí 1929. Nígbà tí ìjọ Anglican dá Ajayi Crowther University sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 2005, ìtàn 1853 ni yunifásítì náà fi ń ka ìran rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ilé ẹ̀kọ́ yẹn nínú bíríkì kò ní rí i. Inú àwọn tí wọ́n jáde níbẹ̀ ni ó wà.

Àwa Pẹ́ńtíkọ́sì ńkọ́?

Ẹnìkan nínú àwọn òǹkàwé wa lè sọ pé ìtàn àwọn Anglican ni gbogbo èyí, pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni ó bí tiwa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ẹ̀mí náà lo ẹgbẹ́. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa àwọn èèyàn káàkiri ayé, Joseph Shadare àti àwọn ọmọ ìjọ St Saviour's kan kó ara wọn jọ fún àdúrà. Wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Wọ́n wá bá ìjọ Faith Tabernacle ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, dọ́rẹ̀ẹ́, láìjẹ́ pé ojú kan ojú: lẹ́tà àti ìwé àṣàrò ni okùn tí ó so wọ́n pọ̀. Ní Èkó, David Odubanjo, tí ó jẹ́ akọ̀wé ọ́fíìsì, wà lára àwọn tí ó di okùn náà mú. Inú agbo yìí ni ìsọjí Ilésà ti 1930, èyí tí Ọlọ́run lo Joseph Ayo Babalola fún, ti rí ilé wọ̀ sí.

Ní 1973, W. F. Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 15. Ọdún kan náà ni ìjọba dá iṣẹ́ ìsìnrú ìlú NYSC sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti gbàdúrà pọ̀ ní yunifásítì gba ìwé ìránniníṣẹ́ lọ sí ìpínlẹ̀ tí wọn kò dé rí, wọ́n sì gbé àdúrà náà dání. Ibi tí ọ̀kan bá dé, a kọ lẹ́tà sí èkejì: ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ibí le, ẹ gbàdúrà; a ti pé mẹ́fà, ẹ dúpẹ́. Báyìí ni ìjọ púpọ̀ tí a ń pè ní tiwa lónìí ṣe hù. Akẹ́kọ̀ọ́jáde tí kò jẹ́ kí ogún ọdún tú òun ká ni ó gbìn wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni Ọ̀tà wá di ìlú ilé ẹ̀kọ́. Living Faith Church ṣí Canaanland ní 1999. Covenant University bẹ̀rẹ̀ ní 2002, àwọn àkọ́kọ́ sì gboyè ní 2006. Àwọn wọ̀nyẹn náà ti di àgbà fún àwọn tí ń wọlé báyìí.

Opó ọmọ wòlíì

Bíbélì fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Nínú Àwọn Ọba Kejì orí kẹrin, obìnrin kan ké pe Èlíṣà. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì ni. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rù Olúwa, ó kú, ó fi gbèsè sílẹ̀, olówó sì ń bọ̀ wá kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú. Lójú wa, ìtàn òróró ni a máa ń wàásù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ lójú akẹ́kọ̀ọ́jáde. Ilé ẹ̀kọ́ wòlíì ni ọkùnrin náà ti jáde. Ó ní ojúgbà. Kí gbèsè tó di ti ẹrú, ó ti pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ojú ọ̀nà kí ó tó dé etí olórí wọn.

Ẹ tún wo lẹ́tà kejì tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótíù, orí kẹrin. Ìròyìn ẹgbẹ́ ni. Démà ti lọ, ó fẹ́ràn ayé yìí. Lúùkù nìkan ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Érásítù dúró ní Kọ́ríńtì. Tírófímù ńkọ́? Pọ́ọ̀lù fi í sílẹ̀ ní Mílétù pẹ̀lú àìsàn lára rẹ̀. Àpọ́sítélì tí aṣọ ara rẹ̀ ń wo aláìsàn sàn kò tijú láti kọ̀wé pé alábàáṣiṣẹ́ òun kan ṣì ń ṣàìsàn. Bí irú ìròyìn yìí bá dé ìpàdé wa lónìí, ǹjẹ́ a ó gbà á, àbí a ó ní kí ẹni náà lọ tún ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe?

Ohun tí ó wà nílẹ̀ ní Sángo

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra fún ìfàmì-òróró-yàn, ibi iṣẹ́ yín yóò dà bí ibi tí a wà yìí. Ìjọ wa ní agbègbè ilé iṣẹ́ ń dìde, ó sì ń rẹlẹ̀ pẹ̀lú fèrè ilé iṣẹ́. Ní Agbára, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà kan náà pẹ̀lú wa, ilé iṣẹ́ ńlá Procter & Gamble ṣí ní 2017; ní 2018, ó ti tì. Nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ìdámẹ́wàá dínkù, àwọn ọ̀dọ́ ṣí lọ, owó háyà gbọ̀ngàn ìjọsìn sì ga ju ọrẹ lọ. Pásítọ̀ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lè máa ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ lóru kí ó tó gun orí pẹpẹ lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní wá sí ìpàdé sẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò ní owó ankara, kò sì ní ẹ̀rí tí ó jọ ti àwọn tí yóò dìde. Ọdún kejì, orúkọ rẹ̀ á di ohun tí ẹnikẹ́ni kò dá mọ́. Ibẹ̀ ni gbèsè opó ọmọ wòlíì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń dá lábàá. Èkínní, kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ tí gbogbo èèyàn wà nínú rẹ̀, alààyè àti òkú, kí ẹnìkan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tọ́jú ìwé náà. Èkejì, kí a ka orúkọ náà tán kí ẹ̀rí kankan tó bẹ̀rẹ̀; orúkọ tí kò bá sí ẹni tí ó dáhùn, kí a yan èèyàn méjì tí yóò wá a dé ilé kí oṣù tó parí. Ẹ̀kẹta, kí orúkọ àwọn opó wà nínú ìwé náà bí orúkọ ọkọ wọn ṣe wà, kí sẹ́ẹ̀tì tí ó ti dàgbà sì gba sẹ́ẹ̀tì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́wọ́, bí Fourah Bay ṣe gba Grammar School.

Kò sí èyí tí ó ń béèrè owó púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí. Bíró àti ìwé ni White ní ní Ọ̀tà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún pàdé lọ́dún yìí, kí jollof tó dé orí tábìlì, ẹ kọ́kọ́ ka orúkọ.