Ta Ló Ṣe Aago Prague?

Aago kan wà lára ògiri ilé ìgbìmọ̀ ìlú àtijọ́ ní Prague, lórílẹ̀-èdè Czech. Ó ń sọ wákàtí, ó tún ń fi ipò oòrùn àti òṣùpá hàn. Bí wákàtí bá pé, ère egungun òkú á fa okùn, agogo á dún, àwọn ère àpọ́sítélì á sì máa kọjá lójú fèrèsé.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ọ̀gá Hanuš ló ṣe é, pé àwọn ìgbìmọ̀ fọ́ ọ lójú kó má baà ṣe irú rẹ̀ fún ìlú mìíràn. Ìtàn yẹn dùn o, àmọ́ kì í ṣòótọ́. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni wọ́n rí ìwé kan tí wọ́n kọ ní 1410: Mikuláš ará Kadaň ló ṣe aago náà. Àtúnṣe ni Hanuš ṣe sí i ní nǹkan bí 1490.

Ṣé ká wá da ìtàn ẹnu nù? Rárá. Ó jẹ́ ká mọ ohun tí ará ìlú rò pé aláṣẹ lè fi san oore oníṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n Mikuláš ṣiṣẹ́, Hanuš gbayì, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìwé kan ló gba orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ má fi àkọsílẹ̀ ṣeré.