Òkúta Copán àti Ọ̀rọ̀ Ọba Tí Wọ́n Bẹ́ Lórí

Ìlú kékeré kan wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Honduras, ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, tí kò jìnnà sí ààlà Guatemala. Copán Ruinas ni orúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ará agbègbè náà. Wọ́n ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti kọfí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí kọfí ni òkìkí ìlú náà fi kàn. Bí a bá rìn bíi kìlómítà kan kúrò níbẹ̀, a ó dé ahoro ìlú àtijọ́ ti àwọn Máyà, níbi tí ère àwọn ọba dúró sí, tí ó ga ju ènìyàn lọ dáadáa. Títí di òní, àwọn agbẹ́kùúta ń bẹ nínú ìlú náà tí wọ́n ń gbẹ́ irú iṣẹ́ wọ̀nyẹn tà fún àlejò. Mo ti bẹ ibẹ̀ wò. Ohun tí ó mú mi lọ́kàn jù kì í ṣe ẹwà òkúta náà bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí ó wà lára rẹ̀.

Síbẹ̀ òkúta náà yẹ fún àkíyèsí. Eérú òkè oníná ni ó dì tí ó di òkúta, àwọ̀ rẹ̀ sì fara jọ ewé. Ó rọ̀ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, nítorí náà ó gba ọnà ju òkúta ẹfun tí ọ̀pọ̀ ìlú Máyà ń lò lọ. Àwọn agbẹ́kùúta ìgbà náà kò ní irin. Òkúta líle ni wọ́n fi ń gbẹ́ òkúta. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́, ojú àti aṣọ ọba ṣe yọ jáde gedegbe lára òkúta, bí ẹni pé ère náà fẹ́ ṣísẹ̀ rìn.

Ní ọdún 1839, John Lloyd Stephens, ará Amẹ́ríkà, dé ibẹ̀ pẹ̀lú Frederick Catherwood, ayàwòrán. Dọ́là 50 ni ó san kí ahoro náà lè di tirẹ̀, ó sì ń gbèrò láti kó àwọn ère lọ sí New York. Ó dùn mọ́ mi pé èrò yẹn kò ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: ó tẹnu mọ́ ọn pé baba ńlá àwọn ọmọ ilẹ̀ náà gan-an ni ó ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí, kì í ṣe àlejò láti òkè òkun, ó sì gbà pé ìtàn wọn ni wọ́n kọ sára òkúta. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó tẹ̀lé e kò ríran tó o. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ àti kíka ọjọ́ nìkan ni. Òkúta kan wà tí a ń pè ní Altar Q, ti ọdún 776, tí a gbẹ́ ènìyàn 16 sí ìhà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní àwọn awòràwọ̀ ni ó ń ṣe ìpàdé. Ọba 16 ni wọ́n! K'inich Yax K'uk' Mo', tí ó tẹ ìdílé náà dó ní ọdún 426, ni ó ń na ọ̀pá àṣẹ sí Yax Pasaj, ìkẹrìndínlógún. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ tí arọ́kin ń ka orúkọ ọba ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé kò ní ṣì í mọ̀. Ọdún 1960 ni Tatiana Proskouriakoff tó fi òkúta ìlú mìíràn, Piedras Negras, hàn pé ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìjọba àwọn ọba ni àwọn ọjọ́ náà.

Láti ìgbà tí a ti ń kà wọ́n ni ìjà ọdún 738 ti hàn sí wa. Waxaklajuun Ubaah K'awiil, ọba kẹtàlá, jọba ní ọdún 695. Òun ni ó ni púpọ̀ nínú àwọn ère tí ó dára jù ní gbàgede Copán. Ní ọdún 724, lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, K'ak' Tiliw jọba ní Quiriguá, ìlú kékeré létí odò Motagua tí àwọn oníṣòwò ń gbà kọjá. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ọba abẹ́ yìí mú ọ̀gá rẹ̀, ó sì bẹ́ ẹ lórí. Òkúta Quiriguá sọ ọ́ láìfi bò: wọ́n bẹ́ ẹ lórí. K'ak' Tiliw sì gbé ère kalẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́gun rẹ̀ títí di èyí tí ó ga ju mítà 10 lọ ní ọdún 771.

Kí ni Copán wí? Lórí àtẹ̀gùn ńlá tí ó ní àmì ọ̀rọ̀ tí ó lé ní 2,000, ọba kan náà kú nípa òkúta mímú àti apata, èyíinì ni pé ogun ni ó pa á. Wọn kò dárúkọ ọrùn. Àwa tí a ń wí pé ọba wàjà kò gbọdọ̀ bá wọn wí jù. Wọn kò purọ́. Wọ́n yan ohun tí wọn yóò sọ. Ọba kẹẹ̀ẹ́dógún ni ó parí àtẹ̀gùn náà, kí ìdílé tí ojú ti lè tún gbé orí sókè.

Èyí tí ó dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ àtẹ̀gùn náà ti wó kí a tó mọ̀ ọ́n kà. Àwọn tí ó tò ó padà ní àwọn ọdún 1930 kò mọ èyí tí ó ṣáájú, nítorí náà gbólóhùn rẹ̀ dàrú sí ara wọn. Kánfáàsì ni a fi bò ó nísinsìnyí nítorí òjò. Èdè Ch'orti', tí àwọn ọmọ Máyà agbègbè náà ń sọ, wà lára àwọn tí ó sún mọ́ èdè òkúta náà jù lọ. Ó sì ràn àwọn tí ń kà á lọ́wọ́ gidigidi.

Òkúta tí a gbẹ́ kẹ́yìn ni ti Ukit Took', ní ọdún 822. Ó fẹ́ kí ó dà bí Altar Q, òun àti Yax Pasaj kọjú sí ara wọn. Ìhà kan ni wọ́n parí. Wọ́n fọwọ́ kan ìhà kejì, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ìhà méjì yòókù, kò sí ohun kan lára wọn.