Ta Ló Ni Papa Ajasco?

Ní sáà kejì ọdún tó kọjá, mo ya ọkùnrin kan sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi. Bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló wọ̀. Láti Ìrẹ́mọ dé Lágéré, láti Lágéré dé Sábó, ó ń wá ẹsẹ̀ bàtà kejì kiri. Bàbá Oníbàtà-Kan ni mo pè é, gbogbo kíláàsì wa ló sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di òpin sáà, ọ̀rẹ́ mi kan wọ bàtà kan ṣoṣo jáde nínú eré wa, ó sì sọ Bàbá Oníbàtà-Kan di olè tó ń jí bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àfi èmi. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo yà á ni?" Òun náà ní, "Ṣé ìwọ lo ṣe eré ni?" Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀.

Bàbá mi àgbà gbọ́ ẹjọ́ mi tán, wọ́n ṣí àpótí wọn, wọ́n sì mú ìwé ògbólógbòó kan jáde. Ikebe Super ni àkọlé rẹ̀. Iwájú ìwé náà nìkan ni wọ́n fi hàn mí. Wọ́n ní, "Ìwé àgbà ni, inú rẹ̀ kì í ṣe tìrẹ. Ṣùgbọ́n Papa Ajasco tí ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, inú ìwé yìí ló ti jáde wá. Lọ wádìí ẹni tó ni í." Ohun tí mo rí nìyí.

Ní ọdún 1976, Wale Adenuga, tó ti kàwé nípa ìṣòwò ní Yunifásítì Èkó, dá Ikebe Super sílẹ̀. Ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀. Inú ìwé náà ni a ti bí Papa Ajasco olórí pípá, Boy Alinco àti Miss Pepeiye, tí orúkọ rẹ̀ ń rán wa létí pẹ́pẹ́yẹ. Tàdáwà lórí bébà ni gbogbo wọn nígbà náà. Wọn kò lára, wọn kò lóhùn.

Ní 1984, Papa Ajasco di sinimá. Ta ló kọ́kọ́ gbé e wọ̀? Peter Fatomilola ni, òṣèré tó kọ́ iṣẹ́ tíátà níhìn-ín ní Ifẹ̀ lábẹ́ Ola Rotimi. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin, ó di eré orí tẹlifíṣọ̀n, Papa Ajasco and Company. Abiodun Ayoyinka ni Papa Ajasco níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì ni àwa ọmọdé mọ̀. Òṣèré ń pààrọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀dá ìtàn kò yí padà.

Ta wá ló ni ín? Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 1988, àti èyí tó rọ́pò rẹ̀ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní 2023, sọ pé ẹni tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ ló láṣẹ láti gbà tàbí kọ̀ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ di fíìmù. Ẹ̀tọ́ yìí wà títí ayé rẹ̀, ó sì tún wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òṣèré náà ní ẹ̀tọ́ lórí eré tó ṣe, ṣùgbọ́n èyí kò sọ ọ́ di olówó ẹ̀dá ìtàn náà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilé wa nìkan ni irú èyí wà. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí nǹkan nira fún ilé iṣẹ́ Marvel ní àwọn ọdún 1990, ó ta ẹ̀tọ́ sinimá àwọn ẹ̀dá inú ìwé rẹ̀. X-Men bọ́ sọ́wọ́ Fox, Spider-Man bọ́ sọ́wọ́ Sony. Nígbà tí Marvel wá ń ṣe sinimá tirẹ̀ láti 2008, kò lè pe àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Quicksilver, ẹ̀dá tó ń sáré bí mànàmáná, jáde nínú fíìmù Fox ní 2014, ó sì tún jáde nínú ti Marvel ní 2015. Orúkọ kan, òṣèré méjì! Marvel kò sì gbọdọ̀ pè é ní "mutant", nítorí ọ̀dọ̀ Fox ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ìgbà tí Marvel àti Sony ṣe àdéhùn ní 2015 ni Spider-Man tó lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, ní 2016.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó dá ẹ̀dá ìtàn sílẹ̀ pàápàá lè pàdánù rẹ̀ bí kò bá ṣọ́ra. Adenuga kò jẹ́ kí ti tirẹ̀ fọ́n ká: ìwé, sinimá àti tẹlifíṣọ̀n, agbo ilé kan ni gbogbo wọn wà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí eégún. Ìdílé ló ni ẹ̀kú. Ẹni tó ń gbé e lè yàtọ̀ lọ́dọọdún, orúkọ eégún náà ni a ó sì máa pè. Síbẹ̀, ẹni tó wà nínú ẹ̀kú ni òógùn ń bò. Bí ẹ̀kú bá jókòó sílé, ta ni yóò jó? Nítorí náà, ó yẹ kí ìwé àdéhùn tó dáàbò bo oní-ǹkan sọ ìpín òṣèré náà kedere, kí ó tó bọ́ sójú agbo. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ máa kọ orúkọ yín àti ọjọ́ sábẹ́ ohun tí ẹ bá yà.

Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ bá ọ̀rẹ́ mi. A kọ àdéhùn tiwa sínú ìwé: ó lè ṣe Bàbá Oníbàtà-Kan, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di olè, a ó sì pe orúkọ àwa méjèèjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fi ọ̀kan kún un: ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ gbé e wọ̀ títí tí òun yóò fi jáde ní iléèwé yìí. Èmi kò ronú kan ìyẹn rárá. Mo fọwọ́ sí i.